Alájẹkì Inú Ẹ̀rọ

Fóònù tún ké lórí tábìlì, ìkìlọ̀ mìíràn láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹnjiníà náà pòṣé. Láti pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkìrun ló ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé ìwòsàn kan ń kó káàdì aláìsàn sí. Áàpù púpọ̀ ló jọ ń pín agbára rẹ̀, àwọn kan sì ń jẹ mọ́ ti ẹlòmíì.

"Pín agbára náà ní ọgbọọgba fún wọn," ọ̀gá rẹ̀ wí lórí fóònù láti Inísà. "Èyí tó bá jẹ kọjá tiẹ̀, kí kọ̀ǹpútà pa á."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò wo orúkọ èyí tó kú. Fóònù dákẹ́. Ó gbórí lé apá, oorun gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló pè é jí láti Òkukù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, káàdì aláboyún kan ò ṣí. A ò mọ abẹ́rẹ́ tí ara ẹ̀ kì í gbà."

"Ṣé ó ti pẹ́?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, sà."

"Kò lè jẹ́. Ìkìlọ̀ ì bá ti wọlé sí fóònù mi."

Ó wá wo orúkọ alájẹkì tó kú. Áàpù ọlọ́dẹ ni. Òun ló ń ṣọ́ gbogbo àwọn yòókù, òun ló sì ń fi ìkìlọ̀ pe fóònù náà láti àárọ̀.