Sọ́fítíwíà Tí Farabalẹ̀ Yàn

Télọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Farabalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń wọn aṣọ kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, àmọ́ wọ́n máa ń ṣàwàdà pé ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ rẹ̀ ṣègbéyàwó, kó yáa gbé e wá kó tó rí àfẹ́sọ́nà.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú yàrá oògùn ní ọsibítù kan. Ó ní òfin kan: ohun kan kì í wà níbi méjì. Tí oògùn bá kúrò lórí pẹpẹ yìí lọ sórí ìyẹn, èyí tó ti kúrò gbọ́dọ̀ ṣófo, torí ẹrù tó bá wà níbi méjì, olè ló ń pè. Òfin yìí kan náà ló ń lò nílé. Ṣíbí kan ò gbọ́dọ̀ sùn sí pálọ̀.

Kọ̀m̀pútà ilé wọn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ti gbó, ó sì ti ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò rí epo. Inú rẹ̀ ni fídíò màmá Farabalẹ̀ wà, màmá tó kú lọ́dún tó kọjá: ibi tí wọ́n ti ń fi orí Farabalẹ̀ ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́. Fóònù tó fi ká àwọn fídíò náà ti bọ́ sómi. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Farabalẹ̀ ò tíì lè wò wọ́n. Ẹ̀rù ẹkún ń bà á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà lókè òkun tí kò lè wá sìnkú, ń bọ̀ wálé, ohun kan ṣoṣo tó sì bẹ̀bẹ̀ fún ni kí òun rí ojú Màmá, kí òun gbọ́ ohùn wọn.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe ní òpin àdúgbò gbà á nímọ̀ràn.

“Bàbá, ẹ wá sọ́fítíwíà tó máa ya àwòrán gbogbo inú ẹ̀rọ yìí, bó ṣe jókòó gẹ́lẹ́, sínú dísìkì míì. Lọ́jọ́ tó bá kú, ẹ ó kàn da àwòrán yẹn padà sínú òmíràn ni.”

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Farabalẹ̀ ra dísìkì tuntun, tó jù ú tòun ti páálí rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan sọ́fítíwíà.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. “Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kí ni ẹni tó ṣe é ń jẹ?” Ó ṣáà dán an wò, ó sì tẹ bí dísìkì tuntun ṣe tó sí i. Sọ́fítíwíà náà ní ẹrù tó wà nínú kọ̀m̀pútà náà máa gba ju ìdajì dísìkì tuntun lọ. Ó mirí. Èkejì, lẹ́tà rẹ̀ rí wínníwínní bí èèrà. Ẹ̀kẹta ń gba owó lọ́dọọdún bí onílé. Ó padà lọ ka ohun táwọn èèyàn sọ nípa wọn. Ẹni kan ń yìn, ẹlòmíì ń ṣépè.

“Bàbá Ìbejì, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀ jọ̀ọ́,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Tí a bá pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin á bá wa níbẹ̀.”

“Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ìyá Ìbejì.”

“Èyí ti kúrò ní ẹ̀sọ̀. Tí kọ̀m̀pútà yìí bá kú, ojú wo la fẹ́ fi wo Ìbàdíàrán?” Orúkọ tó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

“Kò níí kú.”

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo kọ̀m̀pútà, ó pòṣé.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Farabalẹ̀ ló tún dá a sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ fara balẹ̀ yan èyí tó bá wù yín. Ọkàn tèmi ti balẹ̀.”

Inú Farabalẹ̀ dùn dénú. Ó pẹ́ o, àmọ́ ìyàwó òun ti kọ́ sùúrù lára òun.

Ẹ̀kẹrin ló wá bá a lára mu. Kọ̀m̀pútà kan náà, dísìkì kan náà, síbẹ̀ èyí ní ẹrù náà ò níí gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin dísìkì. Farabalẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Háà! Èyí mọ ẹrù ká!” Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú dísìkì jáde. Wọ́n ti ya ọ̀rá ara rẹ̀, wọ́n sì ti ká páálí rẹ̀ pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ràn ìdọ̀tí nínú dúrọ́ọ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Sọ́fítíwíà náà bi í léèrè: gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì yìí máa parẹ́, ṣé o gbà? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á. Ó rẹ́rìn-ín, kí ló fẹ́ wà nínú dísìkì tuntun? Ó gbà.

“Ìyá Ìbejì, mo ti yàn! Mo ti ṣe é tán!” ló fi pàdé ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọlọ́run ṣeun o! Mo rò pé ó di ìgbà táwọn ìbejì bá bímọ ni.”

Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ gan-an ni kọ̀m̀pútà náà rùn bí ọ̀rá tó ń jóná, tó sì dákẹ́. Farabalẹ̀ ò pariwo. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn, tòun ti dísìkì, kó tó sì di ìrọ̀lẹ́, gbogbo nǹkan ti padà sínú kọ̀m̀pútà míì: àwòrán àwọn aṣọ tó rán, èsì ìdánwò àwọn ìbejì, gbogbo ẹ̀. Fídíò Màmá nìkan ni kò yẹ̀ wò. Ó ní òun àti àbúrò òun làwọn jọ máa wò ó. Bó ṣe ń bọ̀ wálé, ó ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó dá dísìkì padà sínú dúrọ́ọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ò tíì bọ́ bàtà tán tí omi fi lé lójú rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, Màmá dà?”

“Jókòó síbí. Fara balẹ̀.”

Ó ṣí ibi kan, ó ṣí ibòmíì. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

“Ẹ má wulẹ̀ wá a níbẹ̀, Bàbá Ìbejì,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, bó ṣe ń fẹ̀rín fa dúrọ́ọ̀, “ìgbà tí ẹ ò yan sọ́fítíwíà bọ̀rọ̀, mo ti kó gbogbo fídíò Màmá kúrò nínú kọ̀m̀pútà yẹn, inú dísìkì tuntun tí ẹ rà ni mo kó wọn sí.”