Okùn Tí Tàjúdéènì Gé

Tàjúdéènì, atukọ̀ abúlé Ọlọ́pọ́n, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ìlara ni àìsàn tirẹ̀. Bí ire bá wọlé aládùúgbò rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Abúlé náà wà létí adágún omi ńlá kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn àgbẹ̀ fi ń kó iṣu àti gàrí lọ sí òdìkejì, níbi tí ọjà wà. Fún ọdún pípẹ́, ọkọ̀ Tàjúdéènì nìkan ni wọ́n mọ̀: igi kan ṣoṣo tí a gbẹ́, tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sáré lójú omi bí ejò.

Nígbà tó yá, Olúsọjí, ọmọ Ṣakí tó fẹ́ ìyàwó ní abúlé náà, so ọkọ̀ méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi igi dábùú àwọn méjèèjì, ó fi okùn ọ̀rá tó nípọn dì í, ó wá tẹ́ pákó sórí rẹ̀. Ọkọ̀ oníbejì ni àwọn èèyàn ń pè é. Kì í yára, ṣùgbọ́n kì í mì. Àwọn ìyá arúgbó tí ẹ̀rù omi ń bà tẹ́lẹ̀ wá ń jókòó sórí pákó, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà wọn lọ ní tiwọn.

Èrò Tàjúdéènì dín kù. Olúsọjí kì í kọjá láìkí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Ìkíni yẹn gan-an a máa ta á bí agbọ́n. Bó bá jókòó sílé, ẹ̀rín àwọn tó wà lórí ọkọ̀ oníbejì ló ń gbọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, pákó tuntun yẹn ló ń rí.

"Ẹ má wọ nǹkan yẹn," ló ń sọ fún àwọn èrò. "Ọjọ́ tó bá dojú dé, kò ní yí padà mọ́. Tèmi, bó bá fì sọ́tùn-ún, á fì padà."

Mùyìbátù, tó ń kó gàrí wá láti Ìgànná, gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Olúsọjí lọ. Olúsọjí ò jiyàn.

"Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, Màmá. Bó bá dojú dé, kì í yí padà. Àmọ́ kì í tètè dojú dé, kì í sì í rì. Ẹ ó rí nǹkan dì mú. Ọkọ̀ oníkan ń fì padà lóòótọ́, àfi bí ẹrù bá pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyíkéyìí tó wù kẹ́ ẹ wọ̀, bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ dúró sílé."

Àwáwù, ìyàwó Tàjúdéènì, rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń rù. "Bàbá Misturat," ló wí, "ẹ jẹ́ ká so tiwa náà mọ́ òmíràn. Olúsọjí ní òun á bá wa ṣe é."

"Kí n wá di ọmọ iṣẹ́ ẹni tó bá mi lẹ́nu iṣẹ́? Láéláé!"

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ẹni tí ìlara fọ́ lójú kì í rí bó ṣe fẹ̀ tó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn èèyàn wà ní mọ́ṣáláṣí, Tàjúdéènì yọ́ lọ sétí omi. Ó ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ pákó ọkọ̀ Olúsọjí, ó gé àwọn okùn náà dé ìdajì níbi tí ojú ò tó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ náà tú lójú ayé, kí ìtìjú bo Olúsọjí.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Òjò ṣú láti ìlà oòrùn, Olúsọjí so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun ò lọ. Inú Tàjúdéènì dùn. Ó to àpò gàrí lé àpò gàrí títí etí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mùyìbátù wò ó, ó gbé ẹrù tirẹ̀ kúrò. Àwọn àgbẹ̀ méjì péré ló wọlé.

"Ẹ jẹ́ kí ìjì yìí kọjá ná," Àwáwù, tó fẹ́ bá wọn lọ sọ́jà, bẹ̀ ẹ́.

"Kí wọ́n lè ní ẹ̀rù ń bà mí bíi ti Olúsọjí? Wọlé jàre!"

Àwáwù wọlé, nítorí kò fẹ́ dójú ti ọkọ rẹ̀ láàárín èrò.

Wọ́n dé àárín omi kí ìjì tó dé. Ọkọ̀ náà fì, ẹrù yí tẹ̀lé e, omi sì gbé e mì. Olúsọjí gbọ́ igbe. Kò bèèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Ó tú tirẹ̀, ó forí lé inú ìjì. Tàjúdéènì, tó di Àwáwù mú nínú omi, rí i tó ń bọ̀.

"Padà!" ló ń ké. "Èmi ni mo gé okùn rẹ! Padà!"

Ìjì ò jẹ́ kí Olúsọjí gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ méjì tó so mọ́ igi kan tó ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké. Ìgbì kan ṣoṣo ni, okùn já, ọkọ̀ méjèèjì pínyà, Olúsọjí ṣubú sómi. Ó gun ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ wà á. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, Àwáwù ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, omi sì ti gbé e lọ. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Olúsọjí kó àwọn mẹ́ta tó kù gúnlẹ̀, àwọn àgbẹ̀ náà sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Baálẹ̀ fa Tàjúdéènì lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó wá ọmọ rẹ̀ Misturat lọ sí Kíṣí, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Misturat gbé omi fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ mu omi, ẹ máa lọ. Mi ò lè pè yín ní bàbá mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ ṣọ́ra fún ìlara. Ọkọ̀ oníkan lè gúnlẹ̀ láyọ̀, oníbejì lè gúnlẹ̀ láyọ̀, bí ẹni tó ń tù ú bá ní sùúrù àti ọkàn mímọ́. Bí ọgbọ́n ẹnìkejì bá ju tiwa lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Ohun tí a bá bà jẹ́ nítorí pé kì í ṣe tiwa, ó lè jẹ́ òun gan-an ni Ọlọ́run fẹ́ fi gbà wá là.