Palẹ̀mọ́ àti Akàn Ẹlẹ́yin

Ọkùnrin kan wà tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ó tó. Bó bá rí mẹ́wàá kó nínú méjìlá, méjì tó kù ni kì í jẹ́ kó sùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Palẹ̀mọ́.

Akàn ńlá inú igbó etí òkun ni àdúgbò rẹ̀ fi ń jẹun. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn abo akàn á jáde nínú ihò, wọ́n á gbé ẹyin sábẹ́ ikùn lọ sínú òkun. Òfin kan ni àwọn tó ń mú wọn ní: yí akàn sókè kí o wo ikùn rẹ̀, bó bá lẹ́yin, jẹ́ kó máa lọ.

Palẹ̀mọ́ gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ìlú. Ó lé àwọn èèyàn kúrò nínú igbó, ó fi páànù dí gbogbo ọ̀nà òkun, ó sì gbẹ́ kòtò sí ìdí rẹ̀. Ṣọ́bìrì ló fi ń kó akàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ wá bá a níbẹ̀.

"O ò tiẹ̀ yí ẹyọ kan wò?"

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n di agbẹ̀bí akàn ni?" Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ọdún mẹ́rin ni akàn fi ń dàgbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

"Ilẹ̀ mi ni. Ìwé wà lọ́wọ́ mi."

"Akàn ò mọ̀wé, ọmọ mi."

Ní ọdún karùn-ún, òjò rọ̀, kòtò ṣófo. Àwọn àgbà akàn ti tán, kò sí ọmọ tó rọ́pò wọn. Oníbàárà gba ibòmíràn lọ, òṣìṣẹ́ tú ká. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Síbẹ̀, Palẹ̀mọ́ ní ó ṣì kù. Ó dọ̀bálẹ̀ sídìí ihò ńlá kan, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká. Ihò tí akàn bá fi sílẹ̀, ejò ló ń gbà á. Kí oró ejò má bàa pa á, àwọn dókítà gé ọwọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, akàn tí ọwọ́ rẹ̀ bá gé ńkọ́?"

"Bó bá bọ́ èèpo, á hu òmíràn." Ó fi ṣíbí sí i lẹ́nu. "Ìwọ kì í ṣe akàn. Jẹun."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ìwé ilẹ̀ kò lè sọ ohun tí gbogbo wa jọ ń jẹ di ti ẹnì kan. Ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ aboyún, ebi ọ̀la ló ń gbìn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe káwọ́ gbera kó ní ejò á bá wa mú Palẹ̀mọ́. Kí ejò tó mú un, oúnjẹ àwọn ọmọ wa ti tán. Ọjọ́ tó bá ri páànù àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ni kí a ti fà á tu.