Ògì Inú Ìgò

"O ti ta oògùn ìjọba, o wá da ògì sínú ìgò!" Ọ̀gá ilé-ìwé gbé ìgò náà sókè kí alábẹ̀wò tí ìjọba rán láti Ìbàdàn wá sí Òkukù lè rí i dáadáa.

Tísà kẹ́mísírì wo ìgò oògùn áńtímónì kílóráìdì rẹ̀. Lánàá, ó mọ́ gaara bí omi òjò. Lónìí, ó funfun báláú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀gá ò ti fẹ́ẹ́ rí tísà sójú. Ọ̀gá ní àna kan ní Ìnísà tó fẹ́ gba iṣẹ́ tísà náà fún.

"Bó bá jẹ́ ògì ló bọ́ sínú oògùn yẹn, sà, a gbé!" ni tísà wí. "Ìgò yẹn máa bú gbàmù báyìí báyìí!"

Alábẹ̀wò ti dé ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ já bọ́.

"Ẹ má sá, sà!" ni ọ̀gá kígbe. "Irọ́ ló ń pa! Kò sí ògì kankan níbẹ̀, omi lásán ni!"

Tísà gba ìgò, ó kán ásíìdì sí i. Kílóráìdì inú ásíìdì náà dì mọ́ áńtímónì, oògùn náà sì tún mọ́ gaara.

"Òótọ́ ni, sà," ni tísà sọ fún ọ̀gá. " Omi ló ń sọ ọ́ di funfun. Bíbélì lẹ ń kọ́ wọn níbí. Ta ló kọ́ yín ní kẹ́mísírì tí ẹ fi mọ̀ pé omi ló wà níbẹ̀?"

Alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀. Kò wo ìgò mọ́, ojú ọ̀gá ló ń wò.