Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ìyá agbálẹ̀ gbé abọ́ omi sí ẹnu ọ̀nà báńkì bí ọkọ̀ Àkúrẹ́ ṣe ń dúró. Máníjà ti sọ fún wọn pé báńkì àwọn àti ti Àkúrẹ́ ti di tọkọtaya, pé èrè máa pọ̀ sí i. Ó sì yẹ kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé.

Ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá omi náà, wọ́n wọlé, wọ́n sì ń gbé tábìlì jáde.

"Ọ̀gá," ìyá agbálẹ̀ ké sí máníjà, "wọ́n ń kó wa lẹ́rù o!"

"Mo rí i, Màmá."

"Èrè tí ẹ ní ó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á ti báńkì Aramoko wa yìí pa. Owó oṣù wa tí wọn ò ní san mọ́, òun ni èrè."

"Ṣé àwa wá ni ìyàwó?"

"Àwa ni."

Ìyá agbálẹ̀ sáré mú gèlè rẹ̀, ó gun ọkọ̀ Àkúrẹ́ bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ.

"Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀," dírẹ́bà wí. "Ẹrù nìkan ni wọ́n ní ká kó."

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ó bọ́ bàtà, ó sì rọra da omi inú abọ́ náà sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.