Ẹlẹ́rìí Kan Ṣoṣo Láti Ọ̀nà Gouka

Ní ọdún 1996, agbófinró kan, jàndáàmù tó ń jẹ́ Raouf, dá Affissou dúró lójú ọ̀nà Gouka. Ó ní epo bẹntiróò fàyàwọ́ ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Oyin ni. Kí Affissou tó là á yé e, kóńdó ti bà á lápá, egungun ti dá, wọ́n sì ti gbẹ́sẹ̀ lé alùpùpù tó fi ń gbé èrò.

Affissou pe Raouf lẹ́jọ́ ní Savalou, pé kí ó tọ́jú apá tó ṣẹ́, kí ó sì dá alùpùpù padà. Bí Affissou bá pàdánù ẹjọ́ náà, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó wà lọ́nà lọ́jọ́ náà pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n nígbà tí Chérifath, àbúrò rẹ̀, ń wá ẹlẹ́rìí kiri, kò sẹ́ni tó ríran mọ́. Ọ̀kan ní oorun ló ń kun òun. Òmíràn ní ẹ̀yìn lòun kọ síbẹ̀, ó sì fi bí òun ṣe kọ ẹ̀yìn náà hàn wọ́n.

Ìyá àgbà kan ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá wọn nílé ní Atokoligbé. Moutiatou lorúkọ rẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ló ti ń yan gàrí. Wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó wo apá tí wọ́n fi igi dì náà títí.

"Mo rí i," ó ní. "Màá sọ ọ́."

"Ẹ̀rù jàndáàmù ò bà yín ni, ìyá?" Chérifath bi í.

"Ẹ̀rù èyí? Rárá o."

Affissou bú sẹ́rìn-ín, apá ń dùn ún, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti rántí rẹ̀. Obìnrin yìí ló sáré yọ nínú èéfín lọ́jọ́ náà, èéfọ́ igbá tó fi ń yí gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Jàndáàmù gbójú sókè, ó rí i, ó ju kóńdó sílẹ̀, ó bẹ́ sínú ọkọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo Atokoligbé fi ń sọ ọ́ káàkiri pé ìjọba ra ìbọn fún jàndáàmù, èéfọ́ igbá ló lé e.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, èèyàn mẹ́sàn-án há sínú ọkọ̀ èèyàn márùn-ún, wọ́n ń kọrin dé Savalou. Bí Raouf ṣe ń kọjá nínú ọgbà ilé ẹjọ́, Chérifath fi ọwọ́ sọ̀yà, ó ní, "Ìyá tó bí ẹ!" Ni àwọn yòókù bá gbè é.

Moutiatou nìkan ni kò gbè é. "Òun ni kí ẹ bú. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló mú kóńdó."

Lẹ́yìn náà ló yọ àkàsà àti ẹja díndín jáde, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ gbé e fún Raouf, pé kò dájú pé ó ti jẹun. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Chérifath. Ó wò ó pé wọ́n ti fi owó dí ìyá yìí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n níwájú adájọ́, Moutiatou sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pe méjì. Agbẹjọ́rò Raouf, ọmọkùnrin kan láti Cotonou tí ooru ń mú nínú aṣọ dúdú rẹ̀, dìde. Raouf fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi," agbẹjọ́rò ní, ó sì yíjú sí ẹlẹ́rìí. "Madáàmù, ẹbí Affissou ni yín?"

"Rárá."

"Ẹ kórìíra jàndáàmù?"

"Èmi? Kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò fi ṣàdúà fún wọn."

Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ gan-an ń ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Raouf tún fa aṣọ, agbẹjọ́rò gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Èéfín wà lójú yín, madáàmù. Fìlà bo ojú jàndáàmù náà. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Báwo ló ṣe wá dá yín lójú pé ẹni yìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn èèyàn. Affissou tẹ orí ba, ó ti rò pé alùpùpù ti lọ nìyẹn. Raouf náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Moutiatou tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Èmi ni mo bí i."