Pèpéle Iwájú Ilé Eunice

Eunice jókòó sórí pèpéle iwájú ilé rẹ̀ ní Ìdó-Ilé, kò dìde.

Bíríkìlà ti mú dígà lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ dìde," ni Ìníolúwa wí, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánádà dé. "Tẹ́ráàsì la fẹ́ ṣe síbẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èdè Látìn ló ti wá. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ ni."

"Ohun tí mo jókòó lé náà nìyẹn."

Ìníolúwa rẹ́rìn-ín. "Tá a bá ṣe tán, ẹ ó mú mi lọ síbi sàárè Bàbá."

Eunice sún díẹ̀, ó fọwọ́ gbọn eruku ibi tó ṣófo.

"A retí rẹ títí ká tó sin ín. Ọ̀gbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ orí sàárè rẹ̀ lọ, ni mo bá mọ pèpéle yìí lé e. Jókòó. Ìwọ àti òun ò tíì fojú kanra látìgbà tó o ti lọ."